Ọbẹ̀ tí mo gbé ti ilé wá máa ń kan kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun: báwo ni kí n ṣe tọ́jú oúnjẹ láìsí fíríìjì?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ìkẹ́rẹ́ ni ilé wa, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo sì máa ń lọ sílé. Màmá mi a máa se ẹ̀fọ́, ọbẹ̀ ata àti ìrẹsì fún mi, wọn á tún di ẹ̀wà, gàrí, èlùbọ́ àti iṣu mọ́ ọn. Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń dáná, a ó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, n ó wá wọkọ̀ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mo ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹ̀ka wa, kí n tó padà sí yàrá lálẹ́, ó ti rẹ̀ mí débi pé n kì í lè dáná. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọbẹ̀ á ti kan, ìrẹsì á sì ti máa fà. Kòkòrò ti jẹ ẹ̀wà náà kù bí ìyẹ̀fun. Kò sí fíríìjì ní yàrá wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kán òògùn apakòkòrò díẹ̀ sínú ẹ̀wà. Kí ni kí n ṣe? N kò lè sọ fún màmá mi pé mò ń da oúnjẹ wọn nù.

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ òògùn apakòkòrò yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé ọbẹ̀ tó kan lè dà ọ́ nínú rú, ṣùgbọ́n òògùn yẹn lè pa ọ́. Má kán an sínú ẹ̀wà, má fọ́n ọn sára àpò ẹ̀wà, má sì jẹ ẹ̀wà tí o mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Dichlorvos ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn òògùn olómi tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré. Ohun tó ń ṣe fún kòkòrò náà ló ń ṣe fún ènìyàn: àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ láti ọpọlọ dé gbogbo ara ló ń dà rú, títí mímí á fi di ìṣòro. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò mílílítà 100 rẹ̀ lọ́jà. Má sì gbọ́kàn lé e pé bí o bá ti sè é, ó ti bá ooru lọ.

Kòkòrò ẹ̀wà kò tilẹ̀ nílò òògùn. Kì í ṣe yàrá rẹ ló ti ń wọlé. Láti oko tàbí ọjà ló ti bá ẹ̀wà wá: yóò lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara èèpo, ọmọ rẹ̀ á gbẹ́ ihò wọ inú hóró, ibẹ̀ ni á ti máa jẹun tí á sì ti máa dàgbà. Ní nǹkan bí oṣù kan, á lu ihò roboto jáde. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà tí ẹ ṣà mọ́ tónítóní nílé fi ń kún fún kòkòrò lọ́dọ̀ rẹ. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó gbé níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Wá àwọn ìgò ike tí omi mímu tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti tán nínú wọn, fọ̀ wọ́n, sá wọn títí wọn á fi gbẹ pátápátá. Sá ẹ̀wà náà sóòrùn dáadáa, jẹ́ kó tutù, kó o dà á kún ìgò dé ẹnu, kó o sì dé e pinpin. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù nínú ìgò, àwọn kòkòrò fúnra wọn ni á mí in tán, wọn á sì kú. Ìgò kéékèèké ló dára jù, kó o lè máa ṣí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù wà ní dídé. Bí màmá rẹ bá ní firísà tí iná sì ń wà níbẹ̀, kí wọ́n kó ẹ̀wà náà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí o tó gbé e wá. Ìyẹn náà á pa ẹyin àti ọmọ.

Ó kan ọbẹ̀ wàyí. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń ka wákàtí. Bí wọ́n bá dáná ní ìdájí, tí wọ́n rọ ọbẹ̀ gbígbóná sínú kúlà ní nǹkan bí aago méje, ẹ ó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó dé. O wọkọ̀ ní aago méjì láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó, o tún dúró ní gáréèjì kí ọkọ̀ mìíràn kún, o wá gba Ìwòròkò àti Ìfàkì dé Ọ̀yẹ́. O sinmi, o kí àwọn ará yàrá, o ṣí kúlà ní aago mẹ́jọ alẹ́. Wákàtí 13 nìyẹn. Kúlà tí à ń rò pé ó ń dáàbò bo oúnjẹ, ó ti di ooru mọ́ ọn lára ní gbogbo àkókò náà. Ooru yẹn kò pọ̀ tó láti pa kòkòrò àìfojúrí, ó kàn tó láti mú un bí sí i ni.

Láàárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti ń gbilẹ̀. Bí ibẹ̀ bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọ̀kan lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Ṣírò rẹ̀ wò: ọ̀kan ṣoṣo tó bọ́ sínú ọbẹ̀ lè di iye tó ju mílíọ̀nù 16 lọ láàárín wákàtí 8. Nítorí náà, ọbẹ̀ rẹ kò bà jẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú ọ̀nà ló ti ń bà jẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ahọ́n rẹ tó mọ̀.

Ìrẹsì ni mo fẹ́ kí o bẹ̀rù jù nínú gbogbo ẹrù náà. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń bá ìrẹsì ti oko wá, tó lè sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle débi pé sísè kì í pa á tán. Bí ìrẹsì sísè bá ti wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, á jí, á sì máa tu májèlé sínú rẹ̀. Májèlé náà kì í kú bí a bá tún ìrẹsì gbé kaná, bó ti wù kó hó tó. Èmi náà ti jẹ irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, mo sì bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Má gbé ìrẹsì sísè wá láti ilé mọ́. Gbé ìrẹsì tí a kò tíì sè, kó o sì máa se ìwọ̀n tí o lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ pé inú ń ṣu ọ́ tàbí o ń bì, po ṣíbí ìmutíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ sínú lítà 1 omi tó mọ́, kí ṣíbí náà má ga lórí, kó o máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀, tí ibà bá dà á pọ̀, tàbí tí omi kò dúró nínú rẹ, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ.

Ohun tó ń pinnu bí oúnjẹ á ṣe pẹ́ tó ni omi tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni ọ́, o ti rí i láti kékeré: iṣu kan náà, bó bá wà lórí àká, á lo oṣù púpọ̀, bí a bá bó o tí a sá a tí a lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, á lo oṣù púpọ̀, bí a bá gún un di iyán, kò ní rí alẹ́ ọ̀la. Gàrí àti ẹ̀bà bẹ́ẹ̀ náà. Ògì ń gbé inú omi, síbẹ̀ kì í tètè bà jẹ́, nítorí pé kíkan rẹ̀ ló ń lé àwọn kòkòrò búburú sẹ́yìn, ẹni tó bá sì ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ lójoojúmọ́ á jẹ ẹ́ pẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀fọ́ rírò kò yẹ fún ìrìn àjò yìí rárá. Omi inú rẹ̀ pọ̀, kò sì kan tó láti gba ara rẹ̀ là. Ata díndín ni kí wọ́n bá ọ ṣe. Kí wọ́n lọ tàtàṣé, tòmátì, ata rodo àti àlùbọ́sà, kí wọ́n sè é títí omi á fi gbẹ, kí wọ́n wá dà á sínú òróró kí wọ́n dín in títí òróró á fi léfòó sójú rẹ̀, tí ariwo omi inú agbada á sì dákẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Tí ata náà bá ṣì ń ta pàrà-pàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n pín in sínú abọ́ kéékèèké tó gbẹ. Bí iná bá wà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, kó wọn sí firísà kí wọ́n dì bí òkúta, ìgbà tí o bá fẹ́ jáde nílé ni kó o tó kó wọn sí kúlà, kí wọ́n fún ara wọn. Kúlà tó kún fún ohun tó dì á dé Ọ̀yẹ́ ní títutù. Bí iná kò bá sí, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni kí wọ́n dín in. Kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sínú abọ́ ẹlẹ́nu gbòòrò, kí wọ́n gbé abọ́ náà lé inú omi tútù, kó tutù kó o tó dé e. Ooru tí a dé mọ́ inú abọ́ á di omi lára ìdérí, á sì kán padà sínú rẹ̀.

Bí o bá dé yàrá, mú un hó. Mo rí i pé mímú ọbẹ̀ gbóná ti di ohun tí a ń ṣe kọjá lọ: ẹlòmíràn á gbé e kaná, etí ìkòkò á hó, á sọ ọ́ kalẹ̀, àárín rẹ̀ ṣì wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́. Kí ó hó yíká, kó o máa rò ó, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bu èyí tí o fẹ́ jẹ sọ́tọ̀, má fi ṣíbí tó ti kan ẹnu bọ inú ìkòkò, má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ fi ẹ̀bà tọ́ ọ wò níbẹ̀. Láìsí fíríìjì, n kò ní sọ fún ọ pé kó o jẹ ẹ́ kọjá ọjọ́ kẹta, bí òórùn rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Àwọn ọjọ́ tó kù ńkọ́? Ohun gbígbẹ ló ni ín. Ata gbígbẹ lílọ̀, edé, irú tí a sá, ẹja gbígbẹ, àti ìgò epo pupa kan tí o gbé sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti tó o, nítorí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń mú epo yí òórùn padà. Ẹja náà, kó gbẹ kó le, kó má jẹ́ èyí tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹni tó ní àwọn nǹkan wọ̀nyí lè se ìkòkò ọbẹ̀ kékeré kan kí eré bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ tó rẹ̀ tán lára rẹ̀.

Ní ti bọ́ọ̀lù, mo fẹ́ kó o máa gbá a lọ. Àmọ́ gàrí àti omi nìkan kò tó fún ẹni tó sáré láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ṣú. Gàrí ń fún ọ lágbára tí o máa lò, kò ní ohun tó ń tún iṣan ara ṣe. Fi ẹ̀pà tàbí kúlíkúlì sí i, o lè ṣe ìyẹn láìdáná rárá. Ẹyin náà wúlò: ra á ní Ọ̀yẹ́, má fọ̀ ọ́ títí di ìgbà tí o fẹ́ sè é, nítorí èèpo rẹ̀ ní ohun kan lára tó ń dí ojú ihò rẹ̀. Lálẹ́ tí o bá fẹ́ jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ kejì, rẹ ẹ́ sómi kó o tó sùn, da omi náà nù láàárọ̀, á tètè jinná.

Gàrí tó gbẹ dáadáa kì í ní ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún omi lọ. O kò ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n o ní ọwọ́: fún un mọ́wọ́, bó bá dì pọ̀, ó nílò oòrùn. Má gbé e tàbí èlùbọ́ sórí sìmẹ́ńtì ilẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Fi pákó tàbí àga sábẹ́ rẹ̀. Èlùbọ́ tó bá ti bu, má jọ̀ ọ́ kó o sì jẹ èyí tó kù. Dà á nù, nítorí májèlé inú ibi tó bu ti lè dé ibi tí ojú kò rí. Iṣu kò fẹ́ náílọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ ló fẹ́. Èyí tó bá fara gbọgbẹ́ nínú búùtù ọkọ̀ ni kó o kọ́kọ́ jẹ.

Màmá rẹ ló kù. Sọ fún wọn. Ẹni tó ń jí ní ìdájí ọjọ́ Àìkú dáná fún ọ yẹ kó mọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó sì máa dùn wọ́n jù bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Má sọ ọ́ bí ẹ̀sùn. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí o bá dé, sọ pé, "Màmá mi, ọ̀nà Ọ̀yẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ yín dé láyọ̀. Ẹ jẹ́ ká rò ó lọ́la, ká gúnyán sí i, kí n jẹ ẹ́ níhìn-ín lọ́dọ̀ yín. Ata díndín ni kẹ́ ẹ fún mi gbé lọ." Kí odó tó dún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó o ti fọ àwọn abọ́ kéékèèké náà, kó o sì ti sá wọn sóòrùn pẹ̀lú ìdérí wọn.