Fífọ inú ọ̀pá ìbọn: ti ṣakabùlà yàtọ̀ sí ti kálíbà 12

Àbúrò, o ní ìbọn méjì ló kàn ọ́ nínú ogún bàbá rẹ, ṣakabùlà kan, ìyẹn ìbọn ìbílẹ̀ tí à ń ki ẹ̀tù bọ̀ láti ẹnu, àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì kálíbà 12, èyí tó ń yin kátúùṣì, ọta tí wọ́n ti di ẹ̀tù rẹ̀ mọ́ ọn tán. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Ìlárá ní kó o má fọ inú wọn àfi lọ́dún Ògún, ọ̀rẹ́ rẹ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sì ní gbogbo ìgbà tó o bá ti yìn ín ni kó o fọ̀ ọ́ dé ìdí. O wá ń béèrè ti ta ni kó o gbà. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí ní Kétu níbí, mo sì ń dẹ̀gbẹ́ títí dòní. Ìbọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa lẹ́yìn òjò, tí inú rẹ̀ ti jẹ níbi tó gbé jókòó, pọ̀ ju èyí tí ìlò bà jẹ́ lọ. Torí náà, ohun tó jó nínú ọ̀pá yẹn ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Òun ló máa sọ bó o ṣe máa fọ̀ ọ́ àti ìgbà tó o máa fọ̀ ọ́.

Ṣakabùlà ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń yára kú jù. Ẹ̀tù dúdú tí à ń kì sínú rẹ̀, iyọ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní salpêtre ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan bí 75 nínú 100. Èédú kó 15, imí-ọjọ́ kó 10. Bó bá jó, ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ ni kì í di afẹ́fẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ ló ń di èéfín funfun tó ń bò wá lójú, ìyókù a lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá. Iyọ̀ ló pọ̀ nínú ohun tó lẹ̀ yẹn, ó sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ wá sára irin. Lásìkò ọyẹ́, wàá rò pé kò sí ewu, inú ọ̀pá á gbẹ táútáú. Jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ná. Ìwọ tó o wà ní Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, tìrẹ tiẹ̀ tún le ju ti àwa ará òkè lọ. Àwọn tó ń fi orí ìṣáná dáná sí ìbọn tún ń fi kún un, torí kẹ́míkà orí ìṣáná náà ń fi iyọ̀ sílẹ̀ bó bá jó.

Nítorí náà, ọjọ́ tó o bá yìn ín ni kó o fọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lo yìn ín. Omi ni wàá sì fi fọ̀ ọ́. Epo kì í yọ́ iyọ̀. Ẹni tó bá da epo lé ìdọ̀tí ẹ̀tù kàn bo iyọ̀ mọ́lẹ̀ ni, ìpẹtà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ ibẹ̀.

Kó o tó da omi sí i, kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó wà ní kíkì. Ìbọn ogún ni, o ò mọ bí bàbá rẹ ṣe gbé e kọ́. Mo ti rí èyí tó pẹ́ lára ògiri títí aláǹtakùn fi ta sí i, tí ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Má yojú wo ẹnu rẹ̀ o. Ti ọ̀pá ìkìbọn bọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró, fi àtàǹpàkò di ibi tí ẹnu ìbọn bá a dé mú, fà á yọ, kó o wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá níta. Bí orí rẹ̀ bá dé ọ̀gangan ihò tí iná ń gbà wọlé, òfìfo ni. Bó bá ku ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó débẹ̀, ohun kan ń bẹ nínú rẹ̀: má fọwọ́ kàn án mọ́, jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ wá bá ọ kó o jáde.

Bó bá ti dá ọ lójú pé òfìfo ni, tú ọ̀pá kúrò lára igi, kó o ki ìdí rẹ̀ bọ inú garawa omi gbígbóná. (Ìyàwó mi ti lé èmi àti ìbọn mi nídìí garawa tirẹ̀, wá tìrẹ sọ́tọ̀.) Wé àkísà òwú mọ́ ọ̀pá ìkìbọn kó há díẹ̀, kó o máa fà á sókè, kó o máa tì í sísàlẹ̀. Ihò iná yẹn á máa fa omi mu, á sì máa tú u jáde. Omi àkọ́kọ́ á dúdú kirikiri, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Imí-ọjọ́ inú ẹ̀tù ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Dà á nù, bu òmíràn. Ìgbà tí omi tó ń jáde bá mọ́ tí kò sì rùn mọ́ ni kó o dúró. Ohun tó mú kí omi gbígbóná dára ju tútù lọ ni pé ọ̀pá fúnra rẹ̀ á gbóná, ooru yẹn á sì gbẹ ẹ́ kí ìpẹtà tó rí àyè. Fi àkísà gbígbẹ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kó o fi òrí pa inú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́.

Òrí ni mo wí. Epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú lára ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, jọ̀wọ́ jìnnà sí i. Lẹ́búlẹ́bú irin àti ásíìdì wà nínú rẹ̀, bó bá sì pàdé ìdọ̀tí ẹ̀tù, á di ọ̀dà tí ọ̀bẹ ni yóò ha á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tún fi àkísà funfun kan wọ inú rẹ̀ lọ. Bó bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ pupa, iyọ̀ ṣì kù, padà sídìí omi. Àwọn ènìyàn kì í ṣe ti ọjọ́ kejì yìí, òun gan-an ló sì ń gba ìbọn là. Bó o bá tún fẹ́ kì í, nu òrí kúrò, kó o sì gún ihò iná kó là, kí ẹ̀tù rẹ má bàa tutù.

Ní ti bàbá wa ní Ìlárá, má bá wọn jiyàn. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí omi má lọ fọ oògùn ìbọn nù. Ara igi níta ni wọ́n ń de ondè, oògùn ọ̀hún, mọ́. Èmi ò tíì rí ẹni tó fi oògùn sí ibi tí iná ń jó. Má jẹ́ kí omi kan ìta, ọ̀rọ̀ parí. Bàbá tó bí mi ń bọ Ògún tọkàntọkàn, òun náà ló kọ́ mi ní omi gbígbóná.

Kálíbà 12 ò ní kánjú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù inú kátúùṣì ìwòyí jẹ́ ìran èyí tí ará Faransé kan, Paul Vieille, ṣe ní 1884: èéfín rẹ̀ ò tó nǹkan, kì í sì í fi iyọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn sílẹ̀. Bó o bá ti oko ọdẹ dé, fa àkísà gba inú rẹ̀ láti ìdí síta ẹnu, fi epo ìbọn díẹ̀ tẹ̀ lé e, ó tó. Fífọ gidi di ìgbà tó o bá ṣí i, tó o gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, tó o rí ìlà ṣíṣú tí rọ́bà kátúùṣì tàbí òjé fi sílẹ̀ ní ìwájú ibi tí kátúùṣì ń jókòó sí. Búrọ́ọ̀ṣì bàbà ló máa ń ká a. Àmọ́ bó bá jẹ́ kátúùṣì tí wọ́n fi ẹ̀tù dúdú tún kì nílé lo yìn, ti ṣakabùlà ni kó o ṣe fún un, lọ́jọ́ náà gan-an. Má sì da epo púpọ̀ sí i kó o wá gbé e nàró. Gbogbo rẹ̀ á ṣàn sínú ẹ̀rọ ìdí rẹ̀. Dojú ẹnu rẹ̀ dé ilẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé òun kì í fọ kàràbín 22 òun, ìbọn ọlọ́ta kékeré, tó sì ń ta dáadáa. Òótọ́ ló ń sọ. Ìlà tó yí po wà nínú ọ̀pá yẹn, òjé rírọ̀ tí wọ́n fi ìda pa ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, bó o bá sì fọ̀ ọ́ tán pátápátá, ọta àkọ́kọ́ lè máa ṣáko títí ọ̀pá yóò fi tún bá ìda yẹn mu. Ọ̀pọ̀ kàràbín tó bàjẹ́, ọ̀pá irin tí wọ́n ń tì bọ ẹnu rẹ̀ láti iwájú ló ha etí ẹnu ọ̀hún. Kò kan tìrẹ.

Èyí tó kàn ọ́ ni kó o gba tọ́ọ̀ṣì kékeré kan kó o wo inú ṣakabùlà yẹn lẹ́yìn tó o bá fọ̀ ọ́ tán. Ọ̀pá omi tàbí irin ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í nípọn. Kòkòrò a máa fi amọ̀ kọ́lé sínú rẹ̀, àkísà sì lè já kù síbẹ̀: ìbọn tí ohun kan dí, bíbẹ́ ló ń bẹ́. Bó o bá rí ihò wẹ́wẹ́ tí ìpẹtà jẹ sí ìdí rẹ̀, níbi tí iná ti ń le jù, má fi yanrìn ha á bí àwọn kan ti ń ṣe, irin tó kù lo ń ha dànù. Gbé e wá sí Kétu ká tú ìdí rẹ̀ wò kó o tó kì í.