Èsì: Ìwé ìtàn ẹni tó lọ mú èèyàn rẹ̀ bọ̀ láti ìlú òkú

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ìtàn abanilẹ́rù tí ẹnìkan ti wọ ìlú òkú lọ nítorí èèyàn rẹ̀ lẹ ń wá, àbí? Ẹ kọ́kọ́ ka The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola, 1952. Adẹ́mu tó ń dá ẹmu fún ọ̀mùtí kan já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú. Ni ọ̀mùtí náà bá wá a lọ sí ìlú òkú. Ẹ̀yìn ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń rìn, bí ọ̀mùtí ṣe ń fi iwájú rìn sì bí wọn nínú gan-an! Adẹ́mu ò bá a padà, ẹyin ló fún un (ẹ má bínú, mo ti tú àṣírí ìtàn náà). Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ máa ń bí àwọn kan nínú, àmọ́ èmi gbádùn ẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ níbí gba Tutuola lálejò lọ́dún 1979, ẹ béèrè ìwé náà ní láíbìrì wọn.