Kí ni ọmọ ọdún 9 ń wá lábíyá?

Ìyá Kọ́lá láti Òṣogbo kọ̀wé sí mi, ojú ewé mẹ́ta gbáko. Ó ní ọmọ òun tó máa ń gba ipò kìíní tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń gba ipò 27 nínú ọmọ 34. Inú a máa run ún láràárọ̀ Mọ́ńdè, inú náà á sì dákẹ́ bí wọ́n bá ti ní kó má lọ sílé ìwé mọ́. Kì í sọ̀rọ̀, ó sì tún ti padà ń tọ̀ọ́lé. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ṣé kí òun gbé e lọ sórí òkè àdúrà, àbí kí òun fi í sí ilé ìwé tí wọ́n ń sùn sí kó lè le.

Ọmọ ọdún 33 ni o pe ara rẹ. Mo bí ẹni tó jù ọ́ lọ, nítorí náà n kò ní máa pè ọ́ ní "ẹ".

Ní ojú ewé kejì, bí ẹni ń ṣẹ̀fẹ̀, o ní o bá a níwájú díńgí lọ́jọ́ kan tó gbé apá sókè, tó ń wo abíyá ara rẹ̀. Ó bi ọ́ pé, "Mọ́mì, ìgbà wo ni tèmi máa hù?" O ní o rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ, o tún pe bàbá rẹ̀ wá wò ó. Lẹ́yìn náà lo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá ilé.

Ìyá Kọ́lá! Ọmọ ti sọ ohun tó ń ṣe é fún ọ. Ó tiẹ̀ gbé apá sókè kí o lè rí i.

Ojú ewé kìíní ni ìdí rẹ̀ wà, gbólóhùn kan ṣoṣo lo sì fi ré e kọjá: ọpọlọ rẹ̀ jí, nítorí náà ẹ fò ó láti ìwé kẹrin bọ́ sí JSS 1, ẹ sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún 5 lo ti mú un wọ ìwé kìíní, dípò 6. Ó wá di ọmọ ọdún 9 láàárín àwọn ọmọ ọdún 12.

Láti ọdún 6 títí ara ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ló ń fi ga lọ́dún. Ti ọdún mẹ́ta tó ìdajì rúlà inú báàgì rẹ̀, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìbàlágà bá sì ti mú wọn, ọkùnrin mìíràn lè fi sẹ̀ǹtímítà 9 yọ lọ́dún kan ṣoṣo. Ìgbàkígbà láàárín ọdún 9 sí 14 ni ti ọkùnrin lè bẹ̀rẹ̀, ti obìnrin láàárín 8 sí 13. Nínú kíláàsì yẹn, àwọn ọmọbìnrin kan ti ń ṣe nǹkan oṣù, ohùn àwọn ọkùnrin kan ti ń nípọn. Bí wọ́n bá bọ́ṣọ fún eré ìdárayá, Kọ́lá á máa wo abíyá wọn. Tirẹ̀, eyín ọmọdé kò tíì bọ́ tán lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tiwa, lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, tíṣà kì í béèrè ìwé ọjọ́ ìbí. Ta ló ní in? Yóò ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí, kí o fi kan etí òsì. Tèmi kù díẹ̀ kó kàn án. Mo rọra fẹ̀gbẹ́ orí, kí etí lè sún mọ́ ìka. Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì tò orí mi padà, ó ní, "Ẹ mú un lọ sílé, kó lọ jẹyán ọdún kan sí i." Mo sunkún délé. Orí ọmọ kékeré tóbi ju apá rẹ̀ lọ, ó máa ń di bí ọdún 6 kí apá tó lè gba orí kọjá dé etí. Kò péye, ọmọ tó gùn a tètè wọlé, ṣùgbọ́n ara ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi léèrè. Èsì ìdánwò nìkan lo bi ní tìrẹ.

Mo gbà pé ọpọlọ rẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka ìsọdipúpọ̀ dé 12 láìwòwé lè má mọ ohun tí yóò fi lẹ́tà x ṣe nínú ìṣirò. Bí ọdún 11 sí 12 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn di ohun tí wọn kò lè fojú rí mú.

Ibo lo tiẹ̀ ń sáré lọ? Bó bá ń lọ báyìí, ọmọ ọdún 15 ni yóò parí SS 3. Ní 2024, Tahir Mamman tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà ní ọdún 18 ni ọmọ ó tó wọ yunifásítì. Tunji Alausa tó gbapò rẹ̀ dá a padà sí 16. Àfi àwọn ọmọ perete tí JAMB bá yà sọ́tọ̀, ìdúró ni. Ọdún tí o jí gbé, wọ́n á gbà á padà lọ́wọ́ rẹ lẹ́nu géètì.

Òkè àdúrà, bó bá wù ọ́, ìwọ ni kó o gùn ún. Àdúrà kì í hu irun abíyá. Ilé ìwé tí wọ́n ń sùn sí ńkọ́? Ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé, kó máa sá bẹ́ẹ̀dì ní òwúrọ̀ lójú àwọn ọmọ ọdún 13? Má dán an wò. Mú un lọ sí ọsibítù kí dókítà yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, nítorí ọmọ tó ti jáwọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, a kì í fi méfò ṣe é.

Ní oṣù kẹsàn-án, ìwé kẹfà ni kó lọ. Mo ti fi ọdún kan jì ọ́ nítorí ọpọlọ tó jí yẹn. Àwọn tó bá yín ṣe ìdúpẹ́ á sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn á ṣẹ̀, wọ́n á gbàgbé tirẹ̀.

Kí o tó lọ rí olórí ilé ìwé ṣá o, pe Kọ́lá wọ yàrá, ìwọ nìkan. Bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Kí o wá dá a lóhùn: yóò hù, ó lè di ọdún 13 tàbí 14.