Ṣé Kí N Fi Ìtòkú Sílẹ̀?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ìyá mi fi ìsọ̀ àdìrẹ sílẹ̀ fún mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ní kí n kó wá bá àwọn ní Èkó. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, lójú tèmi, ẹ má tíì kúrò. Ìtòkú ni àwọn oníbàárà láti ìlú mìíràn ti ń wá ra àdìrẹ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti ń bá yín ṣọ́ ọjà, tí ẹ jọ ń dá àjọ, tí wọ́n á sì tètè béèrè yín bí wọn kò bá rí yín (èyí gan-an ló ká mi lára jù, nítorí ó ṣòro láti rí irú rẹ̀ ní àdúgbò tuntun). Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gba aṣọ lọ́wọ́ yín tà ní Èkó.