Jẹ́ kí sólò wà lẹ́nu rẹ kí o tó gbé saxophone

Àbúrò mi, o ní o ti da sólò mẹ́ta (apá tí olórin kan ń dá fọn nínú orin) kọ sórí ìwé láàárín ọdún kan, o sì lè fi saxophone alto rẹ fọn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o dá tìrẹ fọn láìwo ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì, d r m f s l t d nìkan ni ìka rẹ ń gùn lọ gùn bọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi dáadáa. Ibẹ̀ ni èmi náà há sí fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Àìsùn òkú kan ló là mí lójú. Mo ti múra gbólóhùn kan tó dùn sílẹ̀, kíì F ti dùùrù (kíì ni ipò ohùn tí orin dúró lé) ni mo fi mọ̀ ọ́n. Màmá tó dá orin ò bi ẹnikẹ́ni ní kíì. Ibi tí ohùn wọn bọ́ sí ni orin ti bẹ̀rẹ̀. A wá a títí, ó di A flat. Mo gbé fèrè sẹ́nu, gbólóhùn mi ò sí mọ́. Ìka mi ló mọ̀ ọ́n, etí mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Wo ọmọ àyàn. Kí dùndún tó kọ́ ọ léjìká, oríkì tí ìlù náà máa sọ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe é. Mú báà mẹ́rin péré nínú sólò kan, ìlù mẹ́rin ló wà nínú báà kọ̀ọ̀kan. Dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdajì lórí fóònù, máa bá a kọrin títí wàá fi lè pa fóònù kí o sì dá a kọ. Níbi tí olórin yẹn bá ti mí, kí ìwọ náà mí. Ohùn tó bá gbé mì, tí kò pè já gaara, gbé e mì bẹ́ẹ̀. Ìwé kì í sọ ìyẹn fún ọ. Tí ibì kan bá kọ̀ tí kò jáde lẹ́nu rẹ, má tíì fọwọ́ kan fèrè. Ibẹ̀ gan-an ni etí rẹ ò tíì gbọ́.

Jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn ọ́. Kọ èyí ní sọfà: r f l d, kí o wá sọ̀ sórí t. Ohùn márùn-ún. Inú kọ́ọ̀dù r, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń pè pọ̀ lórí r, ni mẹ́rin àkọ́kọ́ ti wá. Bí kọ́ọ̀dù bá ti yí sí s báyìí, d ò lè dúró mọ́, t ti ń fà á. Ìṣísẹ̀ kékeré yẹn ni olùgbọ́ fi ń mọ̀ pé kọ́ọ̀dù ti yí, kódà bí dùùrù bá dákẹ́. Wàá bá a pàdé káàkiri nínú jazz. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò lórí rẹ̀, kíì méjì lójúmọ́ títí 12 fi pé, mi ò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Mo fi metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, sí 60, mo ka ìró rẹ̀ sí ìlù 2 àti 4. Ahọ́n mi ń kan ríìdì, ewé pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu fèrè, ní àárín ìlù méjì, mo wá ń fà á wọ inú ìlù tó kàn láì tún fi ahọ́n kàn án. Ibẹ̀ ni swing, ìmì ìlù jazz, wà.

Ọ̀nà yìí náà ni Charlie Parker, ọ̀gá nínú fífọn alto jazz, gbà. Nígbà ooru 1937, kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, ó bá ẹgbẹ́ olórin kan lọ ṣeré ní òkè Ozark ní Missouri ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti fi rẹ́kọ́ọ̀dù kọ́ sólò Lester Young. Tenor, saxophone tó tóbi ju alto lọ, ni Young ń fọn, alto ni ti Parker, etí ló fi wá a kàn. Nítorí náà má fi ara rẹ mọ sórí àwọn alálto nìkan.

Tí o bá fẹ́ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, mú "Now's the Time" tí Parker gbà sílẹ̀ ní 1945. Blues báà 12 ni, kò sáré púpọ̀. Kíì F ni lórí dùùrù, èyí tí alto rẹ ń pè ní D. Báà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú sólò rẹ̀ ti tó fún ọ̀sẹ̀ yìí. Fi fóònù gba ohùn ẹnu rẹ sílẹ̀, gbọ́ ọ tẹ̀ lé ti Parker, kí o wá ibi tí ẹ ti yà.