Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé ibà ni àbí àrọ́mọléegun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Gààrí ni mo ń yan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọmọ ọdún 43 ni mí. Ó ti pé ọdún méjì tí dókítà ti sọ pé àrọ́mọléegun tó ń wú oríkèé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń ṣe mí, wọ́n sì kọ oògùn methotrexate fún mi. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ara mi ń gbóná. Mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láì ṣe àyẹ̀wò. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè di igbá tí mo fi ń yan gààrí mú. Ìyá ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni mí. Kí ni kí n ṣe?
Alágààrí, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kì í ṣe ọ̀lẹ o. Irú àrọ́mọléegun yìí kì í mọ sí oríkèé: àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀, ìjà yẹn a sì máa tán èèyàn lókun bí ẹni tó ro oko láti àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tún lè dín kù, kí àárẹ̀ lé sí i. Jọ̀ọ́, ka ibí yìí sétí ìyá ọkọ rẹ.

Ara tó ń gbóná yẹn ló ká mi lára jù. Àrùn náà lè mú kí ara lọ́ wọ́ọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí tẹmómítà bá fi lè ka 38, má di ẹ̀bi rẹ̀ ru àrọ́mọléegun. Methotrexate ń rọ àwọn ọmọ ogun ara náà lágbára, àkóràn mìíràn lè gba ibẹ̀ wọlé. Ara gbígbóná ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, pàápàá bí o bá ń làágùn lóru tàbí tí aṣọ ti ń tú lára rẹ. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí yunifásítì LAUTECH àti Bowen ti ní ilé ìwòsàn ńlá, má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí o tó lọ. Bi wọ́n bóyá kí o ṣì dá methotrexate dúró ná.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lo ń lò ó, àbí? Mo tọ́jú obìnrin kan rí tó ń lò ó lójoojúmọ́. Gbogbo ẹnu rẹ̀ ló bó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún ọ ní Septrin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tètè sọ pé methotrexate lo ń lò, torí àwọn méjèèjì lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ pátápátá. Oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún ara ríro ńkọ́? Prednisolone tàbí dexamethasone, àwọn oògùn líle tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀, ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì lè bo ibà mọ́lẹ̀. Bí o bá ti ń lò ó tipẹ́, má já a lójijì. Mú un lọ́wọ́ lọ fi han dókítà.

Ní ti iṣẹ́, jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ dúró ti agbada fúngbà díẹ̀, kí ìwọ jókòó ti títà. Ra tẹmómítà. Máa wọn ara rẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí o kọ ọ́ sínú ìwé, kí o mú ìwé náà dání lọ́jọ́ tí o bá ń lọ. Bí èsì bá jáde, kọ̀wé sí mi padà, mò ń retí rẹ̀.