Ṣé olùrànlọ́wọ́ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ lè ṣàyẹ̀wò ọmọ ilé-ìwé fúnra rẹ̀?

Rárá o. Olùtọ́jú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó irú iṣẹ́ yìí, ló ń ṣàyẹ̀wò tó sì ń sọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Ìdánrawò tí ó bá là sílẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́ máa ń bá ọmọ ṣe, a sì máa kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìró s ni kò yọ dáadáa, ìró náà nìkan ni ọmọ máa kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà sa àti se, kó tó kan ọ̀rọ̀ bí ọsàn. Gbólóhùn ló kẹ́yìn. Nínú ìgbà 20, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú máa ń fẹ́ kí ọmọ pè é bó ṣe yẹ ní ìgbà 16 kí wọ́n tó sún síwájú. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n á tètè bọ́ sórí gbólóhùn, àṣìpè á wá di bárakú. Kí wọ́n sì ti yẹ etí ọmọ wò ṣáájú, torí ó máa ń ṣòro fún ẹni tí kò gbọ́ s láti pè é.

Ní Èkìtì, ọmọ tó pe ilé ní "ulé" kò ṣàṣìpè, ẹ̀ka èdè ilé rẹ̀ ló ń sọ. Kí olùrànlọ́wọ́ má kà á mọ́ àṣìṣe.